Ẹsẹ̀ Ọlájùwọ́n àti Ẹjọ́ Àwọn Ìbejì Mi

Ẹjọ́ kan ṣẹ̀ nílé wa ní Igbó-Ọrà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Èmi ìyá ìbejì ni wọ́n fi ṣe adájọ́, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni olùjẹ́jọ́.

Kẹ́hìndé, tó ga ju ìkejì rẹ̀ lọ, ń kọ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé. Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń tẹ ohun kan ṣoṣo mọ́ ọn létí: "Kọ ẹ̀yìn sí àpẹ̀rẹ̀, fi ẹ̀yìn ti ẹni tó ń ṣọ́ ọ, kí o wá yí padà bíi Ọlájùwọ́n." Olùkọ́ rẹ̀ ní kó kọ́ bí a ṣe ń ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè. Nígbà tó yá, ọmọ náà kò sọ ọjọ́ ìdánrawò fún mi mọ́. Mo bi í ní ìdí, ó sì wolẹ̀. "Màámi, ẹ má bínú. Ká ní òde òní ni Ọlájùwọ́n yín ń gbá bọ́ọ̀lù, wọn ò ní jẹ́ kó rí ibi yí sí." Táíwò ní irọ́ ni. Mo ní kí a lọ wò ó.

Èkó ni wọ́n bí Hakeem Ọlájùwọ́n sí ní oṣù kìíní ọdún 1963. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ni ó kọ́kọ́ gbá. Ó ti di ọ̀dọ́langba kó tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ní 1984, òun ni Houston Rockets kọ́kọ́ mú nínú gbogbo ọ̀dọ́ tó wọ NBA lọ́dún náà, Michael Jordan sì wà lára wọn. Ìdíje tí a wò ni èkejì nínú àṣekágbá ẹkùn ìwọ̀-oòrùn, ní oṣù karùn-ún ọdún 1995, láàárín Rockets àti San Antonio Spurs. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ife-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jùlọ lọ́dún náà lé David Robinson ti Spurs lọ́wọ́, níṣojú Ọlájùwọ́n. Láti ìgbà tí mo ti wo kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Ẹ̀rúwà ni mo ti ń fi ohun tó tẹ̀lé e ṣe ìtàn.

A tẹ́ ẹní, a gbé fóònù ti ìgò omi, àwa mẹ́ta tẹjú mọ́ ọn. Ibi tí mo ń dúró dè dé. Ọlájùwọ́n yí síhìn-ín, ó yí padà, ó gbé bọ́ọ̀lù sókè bí ẹni fẹ́ jù ú. Robinson fò sókè. Ọlájùwọ́n yọ lábẹ́ apá rẹ̀, ó sì sọ bọ́ọ̀lù sínú àpẹ̀rẹ̀. Táíwò pariwo. Kẹ́hìndé ní kí a dá a padà. "Màámi, ẹ wo bí àwọn Spurs yòókù ṣe jìnnà sí i."

Òótọ́ ni. Lákòókò náà, òfin NBA kò gba olùṣọ́ láyè láti dúró sí ojú ọ̀nà lásán láìṣọ́ ẹnì kan. Yálà kó wà pẹ̀lú ẹni tirẹ̀, tàbí kó sáré lọ bá ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti sáà 2001 sí 2002 ni òfin náà ti yí padà. Lónìí, ẹnì kan á ti dúró síbi tí Ọlájùwọ́n fẹ́ yí sí kó tó yí. Bákan náà, nǹkan bí ìgbà 15 péré ni ẹgbẹ́ kan ń jù fún àmì mẹ́ta nínú ìdíje kan nígbà náà. Lónìí ó ti kọjá 30.

Ojú ara mi ni ẹlẹ́rìí kejì tó takò mí. Nínú ìtàn tí mo ń sọ, Robinson dà bí ọmọdé tó sọnù lọ́jà. Rárá o! Ọlájùwọ́n gba àmì 41, ṣùgbọ́n Robinson náà gba 32, Rockets sì borí pẹ̀lú 106 sí 96. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan nínú wọn.

Mo wá ní kí a wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, kí a má wo bọ́ọ̀lù, kí a wo ẹsẹ̀ nìkan. Ẹsẹ̀ kan dúró gbọn-in bí òpó, ìkejì ń wá ọ̀nà, kò sì kánjú títí Robinson fi kúrò nílẹ̀. Kò sí òfin tó sọ èyí di àtijọ́. Ìdí nìyẹn tí Kobe Bryant fi lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní 2009, tí LeBron James náà sì lọ ní 2011.

Ìdájọ́ mi nìyí. Bí a bá gbé Ọlájùwọ́n ti 1995 sórí pápá òde òní bó ṣe wà, 41 náà yóò ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ eré kan, tó sì borí àwọn tó bá a lẹ́nu rẹ̀, yóò kọ́ ti òde òní náà. Ẹ̀bi tèmi ni pé ibi tó dúró sí ni mo ń kọ́ ọmọ mi, n kò kọ́ ọ ní ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nílẹ̀ wa, Táíwò ló ń kọ́kọ́ dé, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, nítorí òun ló rán ìkejì rẹ̀ lọ tọ́ ayé wò. Bọ́ọ̀lù òde òní lè pe ara rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n bó bá wù ú. Kó má ṣáà gbàgbé ẹni tó bá a tọ́ ayé wò.

Lọ́jọ́ Sátidé, Kẹ́hìndé fẹnu ara rẹ̀ pè mí síbi ìdánrawò. Mo jókòó, mo pa ẹnu mi mọ́. Ó jù ú láti òkèèrè lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan wọlé. Nígbà kẹta, olùṣọ́ sáré bò ó. Ó gbé bọ́ọ̀lù sókè bí ẹni fẹ́ jù ú, ọmọ yẹn fò, Kẹ́hìndé sì gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá. Bọ́ọ̀lù náà kò wọlé. Ó bojú wẹ̀yìn wò mí, ó rẹ́rìn-ín. N kò sọ nǹkan kan.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi.