Ẹ Jẹ́ Kí Awakọ̀ Òfurufú Fara Balẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi ìlú Jos ṣe ibùgbé, gbogbo wa ni a mọ̀ pé ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀ffà jìn sí ibí. Ìdí nìyí tí àwọn tí Ọlọ́run ṣe fún nínú wa fi ń wọ bàálù, tí àwọn mìíràn tilẹ̀ lè háyà bàálù kékeré nígbà tí ìnáwó òkú tàbí ti ìgbéyàwó bá dé. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ìkánjú tí a ń gbé wọ inú bàálù pẹ̀lú ẹrù wa ni ó burú.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn ẹsẹ̀ bàálù. Ọ̀pọ̀ bàálù a máa ká ẹsẹ̀ sínú bí ó bá ti gbéra, a sì máa nà án jáde nígbà tí ó bá fẹ́ balẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé mẹ́ta níwájú awakọ̀ ni ẹ̀rí pé ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti nà gbọn-in. Bí ọ̀kan kò bá tàn, ó lè jẹ́ pé gílóòbù ni ó jó. Ó sì lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ náà ni kò jáde. Awakọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ kò ní balẹ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò tún gòkè, yóò máa yí pápá ká, yóò gbìyànjú láti fi ọwọ́ ti ẹsẹ̀ náà jáde, yóò sì bẹ àwọn tí ń bẹ nínú ilé ìṣọ́ kí wọ́n wo abẹ́ bàálù fún òun. Bí ó bá kùnà, yóò fò títí epo yóò fi dínkù kí iná má baà rí ohun jó, àwọn panápaná yóò sì dúró dè é kí ó tó fi ikùn balẹ̀. Gbogbo èyí ń gba àkókò.

Nínú bàálù ńlá, èrò kò lè dé ọ̀dọ̀ awakọ̀. Ṣùgbọ́n nínú bàálù kékeré, ẹ̀yìn awakọ̀ gan-an ni ẹni tí ó sanwó jókòó sí. Bí ó bá ń wo aago, tí ó ń kùn pé àwọn ènìyàn ń dúró de òun, ta ni yóò lè ṣe ìpinnu tí ó tọ́?

Kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré ọ̀ràn yìí. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kìíní, ọdún 1973, bàálù Boeing 707 kan tí Nigeria Airways háyà láti ilẹ̀ Jordan ń kó àwọn alálàájì bọ̀ láti Jẹ́dà sí Èkó. Ojú ọjọ́ kò dára ní Èkó, wọ́n sì yà sí Kano. Bí ó ti ń balẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kọlu ibi tí ó jìn lójú ọ̀nà ìbalẹ̀, ó sì ṣẹ́. Bàálù náà yà kúrò lójú ọ̀nà ìbalẹ̀, ó gbiná. Nínú ènìyàn 202, 176 ni ó kú. Ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ́ lórí ilẹ̀ kò fún ẹnikẹ́ni ní àyè. Èyí tí ó kọ̀ láti jáde lókè ni ó ń fún wa ní àyè. Kí ni ìdí tí a ó fi fi ìkánjú bà á jẹ́?

Ẹ̀kọ́ Kano kan ìjọba pẹ̀lú. Pápá Yakubu Gowon ní Heipang ju 4,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ sí ìtẹ́jú òkun. Atẹ́gùn fẹ́lẹ́ níbẹ̀, nítorí náà eré tí bàálù ń bá balẹ̀ pọ̀ ju ti Èkó lọ, ẹsẹ̀ àti táyà rẹ̀ sì ń jìyà. Ojú ọ̀nà tí kò ní kòtò, àti àyẹ̀wò bàálù aládàáni tí kò mọ ojú olówó, jẹ́ ẹ̀tọ́ wa.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó wà lọ́wọ́ tiwa ni kí a kọ́kọ́ ṣe. Bí awakọ̀ bá ní òun yóò tún yí ká, ẹ má ṣe dá a lóhùn. Òkú tí a fẹ́ lọ sin yóò dúró dè wá. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.