Bí Ìròyìn Bá Tú Àṣírí Àpótí

Ní àsìkò ayẹyẹ bí irú èyí, a máa ń fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ nípa wa. A ń pe àwọn akọ̀ròyìn, a ń ya àwòrán, a sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ káàkiri. N kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí èyí, nítorí ó yẹ kí a máa gbọ́ ìròyìn ohun rere. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ gbogbo ohun rere ni òkìkí ń ṣe láǹfààní? Eré ìgbafẹ́ kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó lè kọ́ wa lọ́gbọ́n lórí ìbéèrè yìí. Letterboxing ni orúkọ rẹ̀.

Dartmoor ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀, ní àgbègbè Devon, ní apá gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ olókè ni, ó kún fún koríko, àbàtà àti àwọn àpáta ńláńlá. Ní ọdún 1854, James Perrott ará Chagford, ẹni tí ó máa ń fi ọ̀nà han àwọn àlejò, gbé ìgò kan sí Cranmere Pool, ibi tí ó jìnnà, tí ó sì ṣòro láti dé nígbà náà. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ a fi káàdì orúkọ rẹ̀ sínú ìgò náà. Nígbà tí ó yá, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá dé lẹ́yìn wọn ni yóò mú un, tí yóò sì bá wọn fi ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Láti inú àṣà yìí ni orúkọ eré náà ti jáde, nítorí letterbox ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe àpótí lẹ́tà.

Lónìí, àpótí kékeré tí omi kò lè wọ̀ ni wọ́n máa ń fi pamọ́ sáàárín àwọn òkúta. Ìwé pẹlẹbẹ kan àti òǹtẹ̀ rọ́bà kan ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i yóò tẹ òǹtẹ̀ àpótí náà sínú ìwé tirẹ̀, yóò sì tẹ òǹtẹ̀ tirẹ̀ sínú ìwé àpótí. Kò sí owó níbẹ̀, kò sí ife-ẹ̀yẹ. Kọ́ńpáàsì, àwòrán ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àdììtú tí ẹni tí ó gbé àpótí pamọ́ kọ sílẹ̀ ni yóò tọ́ ọ sọ́nà. Àwa tí a ti pa àlọ́ àpamọ̀ lábẹ́ òṣùpá mọ adùn irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí ẹnìkan bá ké ìtumọ̀ àlọ́ síta kí apàlọ́ tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, eré ti bàjẹ́ nìyẹn.

Kí a má ṣe parọ́ mọ́ àwọn oníròyìn. Wọ́n ti ṣe eré yìí lóore. Owó àwọn òǹkàwé ìwé ìròyìn Western Morning News ni a fi kọ́ ibùgbé òkúta akọ fún àpótí Cranmere Pool ní ọdún 1937. Ní Amẹ́ríkà, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ̀ nípa eré náà títí di oṣù Kẹrin ọdún 1998, nígbà tí ìwé àtìgbàdégbà Smithsonian gbé àròkọ kan jáde lórí rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kà á wá ara wọn rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpótí pamọ́ sí àwọn igbó àti ọgbà ìgbafẹ́ ìlú wọn, ó sì tàn káàkiri. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí a fi ọwọ́ bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀ kò tíì rò ó dé òpin.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo apá kejì. Fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, àpótí Dartmoor kò pọ̀. Láti àwọn ọdún 1970 lọ ni òkìkí rẹ̀ kàn, tí àpótí sì di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bẹ́ẹ̀, Dartmoor kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Ọgbà ìdáàbòbò orílẹ̀-èdè ni láti ọdún 1951. Àwọn òkúta tí àwọn ará ìgbàanì tò lọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́, ìpìlẹ̀ ilé wọn tí ó rí roboto, àti òkìtì ibojì wọn wà níbẹ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Àwọn ẹyẹ kan ń yé ẹyin sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú koríko, àgùntàn sì ń jẹ̀ káàkiri. Ẹsẹ̀ ẹnìkan kì í ba koríko jẹ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ lójú ọ̀nà kan náà a sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Ìdí nìyí tí eré náà fi ní òfin: a kò gbọdọ̀ gbé àpótí sínú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, a kò sì gbọdọ̀ fi sìmẹ́ńtì mọ ibùgbé fún un. Ẹni tí ó kọ́ eré yìí lọ́dọ̀ àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ kọ́ òfin pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí ó rí i fún ìṣẹ́jú kan lórí tẹlifíṣàn rí àpótí, kò rí òfin. Ibẹ̀ gan-an ni ewu òkìkí wà: ẹsẹ̀ ìròyìn yá ju ẹsẹ̀ ẹ̀kọ́ lọ.

Àwọn ará Dartmoor ti dá ọgbọ́n kan sí i. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní 100 Club. Ẹni tí ó bá ti rí 100 àpótí ni ó lè wọ̀ ọ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó sì lè rí ìwé tí a kó àmì ọ̀nà àwọn àpótí jọ sí gbà. Ẹlòmíràn yóò ní ìmọtara-ẹni-nìkan ni èyí. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ni ó lè bẹ̀rẹ̀, a kò sì béèrè ipò tàbí ẹ̀yà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí a béèrè ni pé kí ó kọ́kọ́ rìn, kí ó sì bi àwọn àgbà léèrè. Kí ó tó rí 100, yóò ti mọ bí a ṣe ń dá òkúta padà sí ipò rẹ̀.

Èrò mi nìyí: kí akọ̀ròyìn máa sọ ìtàn eré náà, kí ó sọ ìlànà àti òfin rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó fi ibi tí àpótí wà sílẹ̀ fún ẹni tí yóò rìn dé ibẹ̀. Gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Bákan náà ni ti àwa tí a ní fóònù lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ya àwòrán ibi ìpamọ́ tí ó sì fi í síta ti gba ayọ̀ àwárí lọ́wọ́ ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Àwọn kan wà tí ń ta ìdáhùn ìdánwò fún àwọn ọmọ wa kí wọ́n tó wọ gbọ̀ngàn, àwọn òbí kan sì ń san owó rẹ̀. Ọmọ tí a bá fún ní ìdáhùn kò rí nǹkan gbà. Ìwákiri gan-an ni ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ẹ ń gbé ní Bìrìtìkó, ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ sí Dartmoor ní ọjọ́ ìsinmi kan. Ẹ mú àwòrán ilẹ̀ àti aṣọ òjò dání, kí ẹ sì kọ́kọ́ wádìí ọjọ́ tí àwọn ọmọ ogun ń yìnbọn fún ìdánrawò ní apá àríwá rẹ̀. Bí ẹ bá rí àpótí, ẹ tẹ òǹtẹ̀ yín, ẹ pa á dé dáadáa, kí ẹ sì dá a padà síbi tí ẹ ti bá a. Nígbà tí ẹ bá padà wálé, ẹ ròyìn ìrìn náà fún wa, ti òjò, ti àbàtà àti ti ẹsẹ̀ tí ó ń ro yín. Ibi tí àpótí wà nìkan ni kí ẹ má ṣe sọ.