Ìgbà Tí Iyùn Ilé Mi Di Funfun

Nígbà tí ìyá mi wá láti Abẹ́òkúta sí London láti bá wa wẹ ọmọ, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dúró tì nínú pálọ̀ wa kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n, kì í sì í ṣe àwòrán ìgbéyàwó. Àpótí gíláàsì mi ni. Lítà 200 omi iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹja mẹ́rin àti oríṣiríṣi iyùn òkun tí wọ́n ṣì wà láàyè. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n fọwọ́ kan iyùn ọrùn wọn, èyí tí wọ́n jogún lọ́wọ́ ìyá tó bí wọn, wọ́n ní, “Àkànní, èwo nínú ìwọ̀nyí ni wọ́n ń gé ṣe èyí?”

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà jinlẹ̀ ju bí mo ti rò lọ. Kò sí ìkankan nínú wọn. Ojúlówó iyùn pupa, irú èyí tí àwọn oníṣòwò Yúróòpù ń gbé wá sí etíkun wa láti ayé àtijọ́, inú Òkun Mẹditaréníà ló ti ń wá. Egungun rẹ̀ gan-an ló pupa. Ẹ gé e, ẹ lu ihò sí i, ẹ dán an, pupa náà ni yóò máa jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọmọ-ọmọ fi lè jogún rẹ̀. Ti inú àpótí mi kò rí bẹ́ẹ̀. Egungun tiwọn funfun bí ẹfun. Gbogbo àwọ̀ ewé, elésè-àlùkò àti olómi-ọsàn tí ìyá mi ń wò, inú ẹran ara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo egungun náà ló wà. Bí ẹran ara náà bá ṣàìsàn, àwọ̀ ti lọ.

Ẹranko ni iyùn, ẹ má pè é ní òkúta. Ẹnu kéékèèké tí ìka wẹẹrẹ yí ká ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn a sì máa gbé pọ̀ lórí egungun kan ṣoṣo. Nínú ara wọn ni irú ọbẹ̀dò kan ń gbé, tí ojú lásán kò lè rí. Ọbẹ̀dò yìí ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ, ó sì ń fún onílé rẹ̀ jẹ nínú rẹ̀. Onílé ń fún un ní ibùgbé àti ìdọ̀tí ara rẹ̀ tí ó fi ṣe ajílẹ̀. Búráùn ni àwọ̀ àyálégbé yìí. Àwọ̀ tó ń dán, tí a torí rẹ̀ ń náwó, iyùn fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, ọ̀pọ̀ ìgbà láti fi dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìmọ́lẹ̀ tó le jù. Bí ajílẹ̀ bá pọ̀ jù nínú omi, àwọn àyálégbé á máa bí sí i, àwọ̀ wọn á bo ti onílé mọ́lẹ̀, iyùn á di búráùn. Ṣùgbọ́n bí ìnira bá dé bá a, onílé á lé àyálégbé síta, ara rẹ̀ á mọ́ gaara bí ọ̀rá, egungun funfun á sì hàn láti abẹ́ rẹ̀. Kò tíì kú nígbà náà, ṣùgbọ́n ebi ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa á.

Oṣù tí ọmọ dé ni àpótí náà bọ́ lọ́wọ́ mi. Èmi ń fún ẹja lóúnjẹ ní ọ̀sán, ìyàwó mi ń fún wọn ní ìrọ̀lẹ́, ìyá mi tí kò gbà pé ẹja lè yó sì tún ń fún wọn ní òru nígbà tí wọ́n bá dìde sí ọmọ. Fún ọ̀sẹ̀ méje, n kò pààrọ̀ omi. Nígbà tí mo máa fi yẹ̀ ẹ́ wò, nitrate ti di mílígíráàmù 40 nínú lítà kan, phosphate sì ti kọjá 0.3. Acropora mi tó jẹ́ elésè-àlùkò nígbà tí mo rà á, tí kò ju ìka méjì lọ, ti di búráùn bíi tíì tí a kò fi mílíìkì sí.

Kò sí ewu ńlá nínú ìyẹn. Iyùn búráùn yó ni, kò ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n ojú tì mí, mo sì fẹ́ kí àwọ̀ padà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo pààrọ̀ ìdajì omi náà. Mo da ìyẹ̀fun tó ń fa phosphate sínú asẹ́, ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n kọ sára agolo. Mo gbé iná láti ìdá 50 nínú 100 sí ìdá 80. Ní alẹ́, omi náà mọ́ lólóló, mo pe gbogbo ará ilé kí wọ́n wá wò ó.

Ohun tí n kò wò ni alkalinity omi tuntun náà. Ọ̀kan nínú ohun tí iyùn fi ń mọ egungun rẹ̀ ni èyí, bí bíríkìlà ti ń lo sìmẹ́ǹtì, a sì ń fi ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní dKH kà á. 7 ni ti inú àpótí. 11 ni ti omi iyọ̀ tuntun. Láàárín wákàtí kan, iyùn tó ti mọ́ra pẹ̀lú 7 bá ara rẹ̀ nínú 9, nígbà tó jẹ́ pé ìyípadà tó ju 1 lọ lóòjọ́ ti pọ̀ jù fún Acropora. Mo gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, mo sì tan iná mọ́ ọn lójú. Ní ọjọ́ karùn-ún, orí ẹ̀ka rẹ̀ funfun. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹran ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó láti ìsàlẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, egungun nìkan ló kù. Montipora tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà funfun pátápátá, ṣùgbọ́n ẹnu wẹẹrẹ rẹ̀ ṣì ń yọ jáde lálẹ́.

Ìyàwó mi kò bínú nítorí owó. Ó ní, “Wákàtí mẹ́fà lo fi tọ́jú ohun tí kò ṣàìsàn. Ìwọ lo ní o máa gbé ọmọ lọ́jọ́ yẹn kí n lè sùn.” N kò rí èsì kankan fọ̀. Ìyá mi, tí wọ́n ń po omi ọmọ lọ́wọ́, kàn bi mí pé, “Bí mo bá ń wẹ ọmọ rẹ, ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo máa ń da gbogbo omi lé e lórí?”

Láti ìgbà náà, ìdá 10 nínú 100 omi ni mo ń pààrọ̀ lọ́sẹ̀, mo sì ń wọn alkalinity ti tuntun kí ó tó wọlé. Mo ń gbìyànjú kí ó dúró ní 8, kí calcium wà ní nǹkan bíi 420, kí magnesium sì wà ní nǹkan bíi 1,300. Ẹlòmíràn á sọ fún yín pé 9 ló dára jù. Kò burú, bí ó bá sáà lè wà lójú kan. Nitrate mi wà láàárín 5 sí 10, phosphate láàárín 0.05 sí 0.1. Ẹ má ṣe lé méjèèjì dé òdo, nítorí iyùn tí ebi ń pa a máa ṣì lójú bí aṣọ tí oòrùn ti jẹ.

Omi ẹ̀rọ kò wúlò fún iṣẹ́ yìí bí ó ti wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, àwọn ilé-iṣẹ́ omi máa ń dìídì fi phosphate sí i kí òjé inú páìpù àtijọ́ má baà yòrò sínú rẹ̀. Ó dára fún wa, kò dára fún iyùn. Mo ní láti ra asẹ́ tó ń yọ ọ́ kúrò. Omi tí a ti sẹ́ yìí, láìsí iyọ̀, ni mo fi ń dí èyí tí afẹ́fẹ́ bá fà lọ, nítorí omi nìkan ló ń lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Ní ti ooru, 25 sí 26 lórí ìwọ̀n Celsius ni. Ooru tó kọjá bó ṣe yẹ, tó sì pẹ́, ló sọ iyùn òkun di funfun káàkiri ayé ní 1998, ní 2016, àti ní 2024.

Bí ẹ bá fẹ́ ra iyùn, ẹ má gba àwòrán gbọ́: iná búlúù ló ń mú kí wọ́n tàn báyẹn. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tan iná funfun kí ẹ tó sanwó. Ẹ ra èyí tí wọ́n gbìn nínú àpótí, kì í ṣe èyí tí wọ́n gé nínú òkun. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e sí, kí ẹ sì máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ nílé, ẹ yẹra fún èyí tí ń jẹ́ Palythoa. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n ó lè ní májèlé líle nínú. Àwọn ìdílé kan ti dé ilé ìwòsàn nítorí pé wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì fọ òkúta tí ó wà lára rẹ̀, tàbí wọ́n sè é nínú omi gbígbóná, tí wọ́n sì fa ooru rẹ̀ símú. Èmi ti yọ tèmi kúrò, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá kí n tó rí àwọ̀ ewé bí okùn tín-ín-rín ní etí Montipora yẹn. Ó gbà á ní oṣù mẹ́rin kí gbogbo ara rẹ̀ tó bò. Ìyá mi ti padà sílé nígbà náà. Wọ́n pè wá lórí WhatsApp, wọ́n kí ìyàwó mi, wọ́n bá ọmọ ṣeré, wọ́n wá ní kí n gbé fóònù sún mọ́ gíláàsì náà kí wọ́n lè rí èyí tó dìde lórí àìsàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè bóyá àwọn ẹja ti jẹun.