Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Fi Ara Kàwé
Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn lọ́sẹ̀ yìí. Mo wọ kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, àwọn ọmọ ń pariwo pé ayé ń yí oòrùn po, àmọ́ kò sí ọ̀kan tó lè sọ ohun tó ń mú ilẹ̀ ṣú. Kí ló dé tí ọmọ kan ò dúró láàárín bí oòrùn, kí èkejì máa pòòyì níwájú rẹ̀ bí ayé? Tó bá ti kẹ̀yìn sí oòrùn, ilẹ̀ ti ṣú nìyẹn. Ara rẹ̀ ti sọ fún un. Tó bá jẹ́ ìṣirò ni, ẹ pín ọmọ mẹ́jọ sí ọ̀nà méjì, kí ẹ tún wọn pín sí mẹ́rin, wọ́n á fojú ara wọn rí i pé ìdá kan nínú mẹ́rin kéré sí ìdajì. Ìyá wo ló ń fi pátákó kọ́ ọmọ ní àkàrà díndín? Ìdí agbada ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Àwọn kan ní irú eré báyìí ń fàkókò ṣòfò. Rárá o! Dúró Ládiípọ̀ àti Kọ́lá Ògúnmọ́lá ṣe tíṣà rí kí wọ́n tó di ìlúmọ̀ọ́ká lórí ìtàgé. Iṣẹ́ méjèèjì ò jìnnà síra. Ẹ̀yin olùkọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ ti bẹ́ǹṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí àwọn ọmọ dìde.