Apá Tí A Fi Kọ́ Apá Ẹlòmíràn

Ẹ̀yin ìjòyè wa àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ohun kan ti di àṣà láàrin wa tí kò yẹ kí a dákẹ́ sí. Bí ìpàdé bá parí, tí ayàwòrán bá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀, olúkúlùkù a fi apá kọ́ apá ẹnì kejì rẹ̀, a ó rẹ́rìn-ín, a ó sì tú ká. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, méjì nínú àwọn tí ó kọ́ apá náà a ti bá ara wọn dé kóòtù lórí ilẹ̀ tàbí oyè. (Àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa tilẹ̀ ń tijú àtidi ọwọ́ ọ̀rẹ́ mú lójú pópó, ohun tí àwọn bàbá wa ń ṣe láìbojúwẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Ìbéèrè wa ni pé, ẹni tí ó fi apá kọ́ apá, kí ni ó fi sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo ìlú Selma ní Alabama, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1965. Ó tó ìdajì àwọn ará ìlú náà tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú kúrò ní Áfíríkà. Síbẹ̀ ìwọ̀nba kínún ni a jẹ́ kí orúkọ wọn wọ ìwé ìdìbò. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta, nǹkan bí 600 nínú wọn tò ní méjìméjì, wọ́n gba orí afárá Edmund Pettus, wọ́n fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn dé Montgomery, olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà. Àwọn ọlọ́pàá da tajútajú bò wọ́n, wọ́n sì fi kóńdó lù wọ́n. Agbárí John Lewis, ẹni ọdún 25 tí ó ṣíwájú wọn, fọ́.

Ní ọjọ́ 21 wọ́n tún jáde. Àwòrán ìlà iwájú ọjọ́ náà kò tíì parẹ́: Lewis kan náà wà níbẹ̀, Martin Luther King wà níbẹ̀, Ralph Bunche, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà, ní 1950, àti Abraham Joshua Heschel, olùkọ́ ẹ̀sìn Júù tí àwọn Nazi pa ẹbí rẹ̀ ní Yúróòpù. Gbogbo wọn fi apá kọ́ra.

Lóòótọ́, ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ń ṣọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí apá rẹ̀ méjèèjì wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn kò ní ọwọ́ tí yóò fi bojú bí òkò bá ń bọ̀, kò sì lè dá sá. Ohun tí ó fi sílẹ̀ nìyẹn. Ìrìn máìlì 54 ni. Nígbà tí wọ́n wọ Montgomery ní ọjọ́ 25, wọ́n tó nǹkan bí 25,000. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Ku Klux Klan yìnbọn pa Viola Liuzzo, obìnrin òyìnbó, abiyamọ ọlọ́mọ márùn-ún, tí ó wá láti Detroit láti fi ọkọ̀ rẹ̀ máa gbé àwọn tí ó rìn. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ, Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò.

Àbá wa kò le. Bí ayàwòrán bá tún dé, kí àwọn ìjòyè tí ó ń bá ara wọn ṣẹjọ́ dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan ní ìgun kan, èkejì ní ìgun kejì, títí ẹjọ́ náà yóò fi parí. Àwòrán náà lè má dára lójú. Àwa yóò tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.