Ta Ni Yóò Wá Jẹ Ẹbọ Wa Bí Igún Bá Tán?

Ọ̀rọ̀ igún ni mo gbé wá lónìí, ó sì ń dùn mí.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìpògún, bí wọ́n bá dúńbú màlúù, kí wọ́n tó kó ìfun rẹ̀ jọ, igún á ti bà sórí òrùlé. Bí àwọn àgbà bá gbé ẹbọ sí oríta, òkè ni wọ́n máa ń wò. Bí igún bá wá jẹ ẹ́, ọkàn ẹlẹ́bọ á balẹ̀, nítorí ìgbàgbọ́ wa ni pé ẹbọ náà ti gbà. Lónìí, mo lè ti Ìpògún dé Àkúrẹ́, kí n kọjá sí Oǹdó, kí n má rí igún kan ṣoṣo. Ajá àti eṣinṣin ló kù nídìí ẹbọ.

Àwọn kan á ní ọdẹ ló fà á. Ṣùgbọ́n ọdẹ kì í jẹ igún. Nítorí ẹni tí yóò rà á ló ṣe ń pa á. Ta ni ń rà á? Àwa ni. Ẹ dé ìsọ̀ àwọn lékulẹ́jà, ẹ ó bá orí rẹ̀ gbígbẹ níbẹ̀, fún àwúre, fún ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí ń bọ̀ lọ́la.

Ẹyin kan péré ni abo igún ń yé lọ́dún. Ní ọdún 2015, àjọ àgbáyé IUCN kọ igún tiwa yìí mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ewu píparẹ́ wọn ga jù lọ. Láàárín ọdún 2019 sí 2020, igún tó lé ní 2,000 kú ní orílẹ̀-èdè Guinea-Bissau. Májèlé ni wọ́n fi pa wọ́n, wọ́n sì ti gé orí púpọ̀ nínú wọn lọ. (Ẹni tó bá lọ irú orí bẹ́ẹ̀ mu, ṣé ó mọ ohun tó ń mu?)

N kò ní purọ́: orí igún wà nínú oògùn àwọn kan nínú wa. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ tí a bá nílẹ̀ ni pé a kì í pa igún, a kì í sì í jẹ ẹ́. Báwo ni ohun tí a kò gbọdọ̀ pa ṣe wá di ohun tí a ń ná lọ́jà? Ìbò sì wà lọ́wọ́ wa. Bí ohun tí a bèèrè kò bá sí, a máa ń bi Ifá léèrè ohun tí yóò gbà dípò rẹ̀. Nigerian Conservation Foundation pàápàá ti ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ewé tí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀. Ó yẹ kí ojú tì wá díẹ̀ pé àwọn ará ìta ló ń rán wa létí.

Lọ́dún tó kọjá, ẹnìkan mú ìwé ohun èlò wá fún mi. Orí igún ló ṣáájú. Mo dá ìbò. Ifá gba ewé àti àkùkọ adìẹ. Mo gbé ẹbọ náà lọ sí oríta, mo sì jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Igún kankan kò bà.