Mo wo Pumzi tán, ojú mi lọ sí gọ́tà

Fíìmù Pumzi ò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Wanuri Kahiu, ọmọ Kẹ́ńyà, ló ṣe é lọ́dún 2009. Èémí ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí lédè Swahílì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó tán nílé wa ní Mafoluku ni.

Ogun omi ti jà, ilẹ̀ ti gbẹ, inú ilé ńlá kan tí wọ́n sé pa làwọn èèyàn ń gbé. Ìtọ̀ àti òógùn ara wọn ni wọ́n ń sẹ́ mu. Àbúrò mi pariwo "ìríra!" Ìríra kẹ̀? Lọ́dún 2023, NASA kéde pé àwọn ti ń rí ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún omi gbà padà ní ibùdó inú òfuurufú, ISS. Ìtọ̀ wà níbẹ̀, òógùn wà níbẹ̀.

Iná ni mi ò gbà. Wọ́n ní káwọn èèyàn máa fi ẹ̀rọ eré ìdárayá mú iná wá. Ẹni tó bá ń wà á fún wákàtí kan gbáko, bíi 100 wáàtì ló lè mú wá. Jẹnẹrétọ̀ "I better pass my neighbour" tó ń han wá létí lójoojúmọ́ ń mú bíi 650 wá. Ó di kí èèyàn méje máa làágùn kí wọ́n tó ṣe bíi tiẹ̀. Kí ni wọ́n á jẹ?

Àmọ́ níbi tí Asha ti ń fi ìwọ̀nba omi tó ṣẹ́ kù fún un bomi rin irúgbìn kan láṣálẹ̀, òjò ilé wa ni mo rántí. Kò sí òjò níbi tiwọn. Tiwa á rọ̀ ní Mafoluku, á rọ̀ ní Ọ̀kọ́tà, gọ́tà á kún wọlé, tílẹ̀ bá mọ́ a tún ń wá mẹ́rúwà kiri! Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó: òjò mìlímítà kan lórí mítà kan níbùú lóròó, líta omi kan ni. Òrùlé mítà 10 sí 10, òjò mìlímítà 20: 2,000 líta. Kẹ́ẹ̀gì onílíta 25 lọ́nà 80 nìyẹn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mi ò ní kẹ́ ẹ mu ún o, ìgbẹ́ ẹyẹ wà lórí páànù. Ẹ da ti àkọ́kọ́ nù, ìyókù tó fọṣọ, ó tó fọ ilé ìyàgbẹ́. Onílé wa gbẹ́ borehole, ó ń gbowó omi lọ́wọ́ wa, kò sì fi páìpù ẹyọ kan sétí òrùlé. Ìpàdé ayálégbé di Sátidé. Mo ti kọ kẹ́ẹ̀gì 80 yẹn sí bébà fún un.